Dúdú Ara Ìbọn Bàbá Àgbà Ti Ń Bó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Bàbá àgbà wa tó jẹ́ ọdẹ fi ìbọn ayé àtijọ́ kan sílẹ̀, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe é, ìwé ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wa. Irin ẹ̀ dúdú bí aró tẹ́lẹ̀, àmọ́ ibi tí wọ́n máa ń dì mú ti bó, ó ń dán bíi kọ́bọ̀. Mo ra cold blue, oògùn tí wọ́n fi ń sọ irin di dúdú, ìgò kékeré kan, mo fi pa á, ló bá ń ṣe tótòtó. Ṣé kí n fi sandpaper ha gbogbo ẹ̀ kí n kàn kùn ún lọ́dà ni? Ọmọ Ọdẹ, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Háà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sandpaper kàn án! Dúdú yẹn kì í ṣe ọ̀dà, irin fúnra ẹ̀ ló dà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìbọn nígbà yẹn á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí irin dógùn-ún díẹ̀, wọ́n á sè é nínú omi híhó, pupa yẹn á di dúdú, wọ́n á gbọn eruku orí ẹ̀ dànù, wọ́n á tún un ṣe láìmọye ìgbà títí á fi dúdú kanlẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn lẹ fẹ́ ha dànù yẹn o.

Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹtù wà nínú ẹ̀. Ẹ ti ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki ìbọn bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, ẹ di ibi tó mọ lẹ́nu ìbọn mú, ẹ yọ ọ́, ẹ wọ̀n ọ́n síta irin, tí ò bá dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé, nǹkan wà nínú ẹ̀ nìyẹn, ẹ pe alágbẹ̀dẹ tó mọ̀ ọ́n.

Òróró ọwọ́ ló jẹ́ kó ṣe tótòtó, kì í jẹ́ kí oògùn yẹn mú irin. Ẹ fi kànrìnkàn onírin tó kúnná pẹ̀lú epo díẹ̀ ra ibi tó bá ti dógùn-ún pupa nìkan, ẹ fi spirit tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì nù ún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ìka yín má bàa tún kàn án. Ẹ gbé irin sóòrùn kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ wá fi òwú pa oògùn náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ fomi ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ, ẹ tún un pa bíi ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, torí púpọ̀ nínú àwọn oògùn cold blue ní selenium nínú, májèlé sì ni. Kò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, àmọ́ ojú ò ní tètè rí i.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ fi epo ra á. Ẹ má wá lọ tọ́jú ẹ̀ sínú àpò awọ o, awọ máa ń fa omi mọ́ra, kí òjò tó dá ló ti máa dógùn-ún padà.