Èsì: Mo dà bí àjèjì ní Manchester

Ẹ kú àjò o. Ẹ ní láti ìgbà tí ẹ ti dé Manchester lóṣù Kẹwàá, wọn kì í kí yín, oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu yín mọ́.

Wọn kì í béèrè ilé àti ọmọ bíi tiwa. Bí ẹnìkan bá ní "You all right?", ìkíni náà nìyẹn. Ẹ dáhùn, kí ẹ sì bi òun náà padà. Wọn ò kórìíra yín.

Òkùnkùn ni kí ẹ ṣọ́ jù. Lóṣù Kejìlá, oòrùn ibẹ̀ ti máa ń wọ̀ kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹni tó bá wà níbi iṣẹ́ látàárọ̀ lè má fojú kàn án rárá, ara rẹ̀ á wá máa wúwo. Ẹ jáde lọ́sàn-án, kí ẹ rìn fún bí ìṣẹ́jú 30. NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, ní ká lo vitamin D, 10 microgram lójúmọ́, nígbà òtútù. Àwa aláwọ̀ dúdú nílò rẹ̀ gan-an.

Ní ti oúnjẹ, ẹ wá èlùbọ́ lọ sí Moss Side, àdúgbò kan ní Manchester. Ife omi 2 sí ife èlùbọ́ 1. Àfi kí omi hó yaya, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ṣe kókó. Tí sítóòfù bá jẹ́ oníná mànàmáná, ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí rẹ̀ kí ẹ tó máa rò ó, torí pé bí ẹ tilẹ̀ pa á, ooru rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀.

Ẹ má fi gbogbo alẹ́ pe ilé, ẹ ò ní ráyè mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Bí oorun bá kọ̀ fún ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, ẹ rí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, tàbí kí ẹ fúnra yín forúkọ sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies, ìtọ́jú ọkàn nípa ọ̀rọ̀ sísọ.