Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àwọn Ọ̀dọ́ Bòtìswánà Tó Ń Kọ Orin Mẹ́tàlì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, Olóòtú. Inú ìjọ ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti kọ́ gìtá títa, ṣùgbọ́n orin rọ́ọ̀kì àti mẹ́tàlì, èyí tí gìtá oníná àti ìlù rẹ̀ ń dún kíkankíkan, ni ọkàn wa fà sí. Gbogbo ẹni tí a bá fi lọ̀ ló ń sọ pé orin òyìnbó ni. Ǹjẹ́ àwọn ẹgbẹ́ kan wà nílẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń kọ ọ́ láìdúró de ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń gbé àwo orin jáde? (Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Alágbàka, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀. Bòtìswánà, ní gúúsù Áfíríkà, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò tilẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́ta, àwọn ọ̀dọ́ wọn ti gbé orin mẹ́tàlì dìde débi pé àwọn ayàwòrán àti oníròyìn ń ti òkèèrè wá wò wọ́n. Ẹgbẹ́ Metal Orizon wà lára àwọn tó la ọ̀nà ní àwọn ọdún 1990. Wrust bẹ̀rẹ̀ ní Gaborone ní ọdún 2000, orin tiwọn sì wúwo gan-an.

Skinflint ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì. Ọdún 2006 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n, obìnrin sì ni Alessandra Sbrana tí a mọ̀ mọ ìlù wọn. Àwo wọn ti ọdún 2010, Iklwa, gba orúkọ rẹ̀ lára ọ̀kọ̀ kúkúrú tí àwọn ọmọ ogun Shaka, ọba àwọn Súlú, ń lò, ìtàn ẹ̀mí àìrí àti ìtàn àtẹnudẹ́nu ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì fi ń ṣe orin kọ. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìtàn Aṣọdẹbóyèdé, ọdẹ tó tẹ Àkúrẹ́ dó, tí òkè Ìdànrè kò sì jìnnà sí yín, kò yẹ kí ẹ máa kọ orin nípa òjò dídì.

Ẹgbẹ́ Overthrust wá láti Ghanzi, ìlú àwọn olówó màlúù ní aṣálẹ̀ Kalahari. Wọn kò dúró kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n sóde: àwọn fúnra wọn ló ń ṣètò àjọ̀dún orin mẹ́tàlì nílùú wọn, wọ́n sì ń fi ṣe ìrànwọ́ fún àwọn aláìní. Ní ọdún 2016, wọ́n ṣeré ní Wacken, àjọ̀dún mẹ́tàlì ńlá ilẹ̀ Jámánì. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Àkúrẹ́, bí ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta bá pawọ́ pọ̀ háyà gbọ̀ngàn kékeré kan, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti jẹnẹrétọ̀.

Ẹni tó bá sì tún sọ pé orin òyìnbó ni, ẹ sọ fún un pé ẹgbẹ́ BLO ti ń ta gìtá rọ́ọ̀kì ní Èkó láti ọdún 1972, àti pé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1973.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ mi ọkùnrin ń wọ aṣọ dúdú, ó sì ń gbọ́ orin tí wọ́n ń bú ramúramù nínú rẹ̀. Ṣé kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn? (Ìyá kan, Oǹdó)

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá wa. Ní Bòtìswánà, Marok ni wọ́n ń pe àwọn olólùfẹ́ orin mẹ́tàlì yìí. Awọ dúdú, fìlà darandaran àti ìgbànú onírin ni ìmúra wọn, tọkùnrin tobìnrin, gbangba òde ni wọ́n sì ti ń wọ̀ ọ́. Ọgbọ́n ohùn ni ramúramù yẹn, ó sì gba ìdánrawò púpọ̀ kó tó mọ́ni lára. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ ní kó ka ọ̀rọ̀ orin náà fún yín, torí pé ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ èyí tó dára àti èyí tí kò bá ilé yín mu. Etí rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ariwo tó bá ti ju 85 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) lọ fún wákàtí púpọ̀ lè ba etí jẹ́, àgbo orin mẹ́tàlì sì máa ń kọjá 100. Kó ra ohun tí wọ́n fi ń dí etí, kó sì má ṣe dúró síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.