“Ilẹ̀ Á Tutù, Ọ̀nà Á Tutù”: Ìtumọ̀ Omi Tí Àwọn Àgbà Ń Dà Síwájú Ẹsẹ̀ Wa

Ìbéèrè: Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlọrin kọ̀wé pé nígbàkúùgbà tí òun bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ìyá àgbà òun ní Òmù-Àrán, ìyá a bu omi, a dà á sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a sì wí pé, “Ilẹ̀ á tutù, ọ̀nà á tutù fún ọ.” Ó fẹ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, bóyá ó bá ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń sọ nípa omi mu, àti ohun tí ó yẹ kí òun tí òun jẹ́ Mùsùlùmí fi dáhùn.

Ìdáhùn: “Tutù” ni ọ̀rọ̀ tí ó gbé àdúrà náà ró, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Bí a bá ní kí ọmọdé sọ òdìkejì rẹ̀, yóò ní “gbóná”, kò sì ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń lò ó nílé àti lọ́jà: ewé tútù ni èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ẹja tútù ni èyí tí a kò tíì yan, igi tútù ni èyí tí oje ṣì wà nínú rẹ̀ tí iná kò lè tètè mú. Òdìkejì àwọn wọ̀nyí kì í ṣe gbígbóná, gbígbẹ ni. Ohun tí ó lómi lára àti ohun tí ìyè kò tíì jìnnà sí, orúkọ kan náà ni àwọn baba wa fún wọn.

Nítorí náà, ìyá àgbà kò tọrọ òtútù fún yín. Òtútù a máa mú ènìyàn, a sì máa ń bẹ̀bẹ̀ kí ó kọjá. Ohun tí ó ń tọrọ wà láàárín ooru àti òtútù, níbi tí omi ti lè máa jẹ́ omi, tí kò di yìnyín, tí kò sì gbẹ tán.

Àárín yìí gan-an ni Ayé wà. Nǹkan bí mílíọ̀nù 150 kìlómítà ni ó fi jìnnà sí oòrùn. Àgùàlà (Venus), tí òwe wa sọ pé ó ń bá oṣù rìn tí wọ́n ṣebí ajá oṣù ni, sún mọ́ oòrùn jù wá lọ, afẹ́fẹ́ tí ó bò ó sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ooru kò rí ọ̀nà jáde. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná tó ìwọ̀n 460 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí ó lè yọ́ òjé. Mars, ayé mìíràn tí ó ń yí oòrùn ká, jìnnà jù wá lọ ní tirẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, omi tí a bá dà sílẹ̀ níbẹ̀ yóò dì tàbí kí ó gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́. Síbẹ̀ odò ti ṣàn níbẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi sọ ẹ̀rọ ìwádìí kan, Perseverance, kalẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2021 síbi tí odò kan ti wọ inú adágún nígbà láéláé, kí ó máa wá àmì ohun abẹ̀mí ìgbà náà.

Ẹnìkan lè bi mí pé, irúgbìn àgbàdo tí a fi sórí àjà ńkọ́? Ó gbẹ, kò sì kú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò lè hù, kò lè dàgbà, títí òjò yóò fi kàn án.

A ń sọ pé omi kò lọ́tàá. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìwà pẹ̀lẹ́ nìkan ni òwe náà ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ní ọdún 1977 mú mi tún un rò. Nísàlẹ̀ òkun nítòsí erékùṣù Galápagos, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò dé, wọ́n bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dá níbi tí omi gbígbóná ti ń tú jáde láti inú ilẹ̀, tí àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín ibẹ̀ ń fi èròjà inú omi náà ṣe oúnjẹ. Ẹ̀dá wà tí kò mọ oòrùn. A kò tíì rí èyí tí kò nílò omi. Omi ni ó ń yọ́ iyọ̀ àti oúnjẹ tí ó sì ń gbé wọn kiri ara. Ó tún ń gbé ooru lọ: nínú àmù tí àwọn obìnrin amọ̀kòkò Dàda ń mọ ní Òkèlélé ní Ìlọrin, omi díẹ̀díẹ̀ ń la ara amọ̀ jáde, atẹ́gùn ń gbé e lọ, ooru sì ń bá a lọ, bí òógùn ti ń ṣe lára wa.

Kò yà mí lẹ́nu mọ́, nígbà náà, pé omi ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ́kọ́ ń wá bí wọ́n bá ń wá ìyè níbòmíràn. Ní ọdún 2005, ọkọ̀ òfurufú Cassini rí i pé omi ń tú láti inú Enceladus, tí òkun wà lábẹ́ yìnyín rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá tí ó ń yí Saturn ká, ayé mìíràn tí ó jìnnà sí oòrùn. Ọkọ̀ mìíràn, Europa Clipper, gbéra ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 lọ sí Europa, òṣùpá kan tí ó jọ Enceladus, tí ó ń yí ayé ńlá tí a ń pè ní Jupiter ká. Ọdún 2030 ni a ń retí pé yóò dé. Wọn kò tíì rí ohun abẹ̀mí kankan níbì kan yàtọ̀ sí Ayé.

Ní ti ìdáhùn yín, “àmín” tó. Ẹsẹ 30 nínú Súrà Al-Anbiyá sọ pé láti ara omi ni Ọlọ́run ti dá gbogbo ohun abẹ̀mí, omi náà ni a sì fi ń ṣe àlùwàlá. Bí ìyá àgbà bá tún bu omi, ẹ má kánjú. Ẹ dúró títí omi yóò fi mu sínú ilẹ̀, kí ẹ tó tẹ ibẹ̀ kọjá.