Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gun òkè Ṣábẹ: ẹ wá ẹni tí yóò pariwo bí ẹ kò bá sọ̀ kalẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi láti Abẹ́òkúta, mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ yín fẹ́ wá gun òkè Ṣábẹ (Savè) ní orílẹ̀-èdè Benin níbí lásìkò ọdún Àjíǹde, pé láti kékeré lẹ ti ń gun Olúmọ. Ẹ wá ń béèrè bóyá ó tún yẹ kí ẹ sanwó fún amọ̀nà, àti irú bàtà tí ẹ máa wọ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, èyí tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Mo ti dùbúlẹ̀ sórí òkè yẹn rí pẹ̀lú egungun ojúgun tó ṣẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn èsì tí mo rí lókè yìí, "ẹ lọ gbádùn ara yín", "ibẹ̀ rẹwà gan-an", fi ń bí mi nínú díẹ̀. Ibẹ̀ rẹwà. Ta ló ní kò rẹwà?

Ẹ gbàgbé Olúmọ ná. Olúmọ ní àtẹ̀gùn, ó ní irin tí èèyàn ń dì mú, wọ́n tilẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé àgbàlagbà lọ sókè síbẹ̀. Ní gbogbo ibi tí àwa gbà gun ti Ṣábẹ, kò sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Àpáta gìrìwò ni, ó yọrí lójijì láti inú pẹ̀tẹ́lẹ̀, koríko àti igbó ló yí i ká, bí ẹ bá sì ti kọjá sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìlú ti di ohun tí ẹ kò rí mọ́.

Ohun tó gbé mi ṣubú kì í ṣe pé ẹsẹ̀ mi yọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí kò sẹ́ni tó máa ń sọ ọ́ fún àlejò. Àpáta yẹn ń bó. Oòrùn á mú un gbóná lọ́sàn-án, òtútù á mú un lóru, báyìí ni yóò máa ṣe títí awọ òde rẹ̀ yóò fi là kúrò lára tinú, bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹ ó rí pẹpẹ òkúta kan tó tẹ́jú, tó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ, ẹ ó rò pé ara òkè ni. Kò sí ohun tó so ó mọ́ òkè mọ́ ju ìwúwo òun fúnra rẹ̀ lọ. Ọkọ mi tẹ̀ ẹ́ kọjá, kò mì. Ọ̀rẹ́ wa tẹ̀ ẹ́, kò mì. Èmi tẹ̀ ẹ́, ó yí. Bàbá ọdẹ tó gbé mi sọ̀ kalẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọ̀pá làwọn fi ń kan òkúta kí àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá dún bíi pé inú rẹ̀ ṣófo, wọ́n á yà fún un. Ibi tí omi òjò ti ń ṣàn, tó ti dúdú, ẹ má fẹsẹ̀ kàn án bó bá tutù. Bẹ́ẹ̀ lásìkò Àjíǹde, òjò ti máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó sì máa ń bá ààrá wá lọ́sàn-án. Ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí ẹ ti wà nísàlẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Mo já sí àárín àpáta méjì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi há, ara mi lọ síwájú. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n lára. Kò dùn mí lójú ẹsẹ̀ rárá, mo tilẹ̀ ń sọ fún wọn pé kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ má gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ṣubú. Ìgbà tí wọ́n yọ ẹsẹ̀ náà ni mo rí i pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi kọjú síbi tí kò yẹ kó kọjú sí. Ìgbà náà ni mo ké. Òkúta náà gbóná débi pé mi ò lè fọwọ́ lé e, ìbòji kò sí, omi wa sì ti ń lọ tán. Wọ́n ń fún mi ní omi lábẹ́ ahọ́n díẹ̀díẹ̀. Wọn ò fún mi lóúnjẹ, ìyẹn sì dára, torí ẹni tí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò gbọ́dọ̀ yó lọ síbẹ̀. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Òkúta kan náà tó ń sun mí lọ́sàn-án bẹ̀rẹ̀ sí í fa ooru ara mi. Mo ń gbọ̀n, ìgbọ̀n yẹn sì ń mi egungun tó ṣẹ́. Mi ò lè ṣàpèjúwe rẹ̀ ju báyìí lọ. Bí irú rẹ̀ bá dé, ẹ tẹ́ ewé tàbí aṣọ tàbí báàgì sábẹ́ ẹni náà kí ẹ tó ronú àtibò ó lókè. Gbogbo èèyàn ló ń sáré bo òkè ara, ìsàlẹ̀ ni òtútù ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ n sọ ti fóònù. Níbi tí mo wà, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọkọ mi gùn lọ sí ìhà tó kọjú sí ìlú kí ó tó rí díẹ̀. Nọ́ńbà kan wà lára pátákó kan nísàlẹ̀ òkè, ó ti ya fọ́tò rẹ̀. Ó pè é, kò lọ. Ó tún pè é, kò lọ. Nọ́ńbà àtijọ́ ni! Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà fóònù ní Benin ti kúrò ní mẹ́jọ di mẹ́wàá, 01 ni wọ́n fi síwájú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò gun àkàbà lọ tún pátákó kùn? Nígbà tó wá fi 01 síwájú rẹ̀ tó sì wọlé, ọ̀gá tó gbé e, ní ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ, ń béèrè orúkọ àdúgbò àti ilé tó súnmọ́ wa jù. Ilé! Lórí àpáta! Ó ní kí ọkọ mi fúnra rẹ̀ wá kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí wọ́n tó lè gbéra. Kó fi ìyàwó sílẹ̀ nínú òkúta kó wá bu ọwọ́ lùwé. Inú ń bí mi títí di òní.

Nítorí náà, ẹ ra SIM Benin, ẹ kọ 118 ti panápaná àti 117 ti ọlọ́pàá sórí bébà, kì í ṣe inú fóònù nìkan. Kí ẹ sì ti mọ bí a ṣe ń rí nọ́ńbà ibi tí èèyàn wà lórí máàpù fóònù yín, torí tẹ́ẹ̀sì máa ń lọ níbi tí ìpè kò ti lè lọ. Ìlú Ṣábẹ wà ní nǹkan bíi 8.03 sí àríwá àti 2.49 sí ìlà-oòrùn. Bí èyí tí fóònù yín bá fún yín bá jìnnà sí i gan-an, kò tíì rí sátẹ́láìtì dáadáa, ẹ dúró díẹ̀.

Fèrè ló gbà mí là. Fèrè ike kékeré tó wà lára okùn báàgì ọ̀rẹ́ wa, tí a ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀. Àmì tí àwọn agunkè mọ̀ káàkiri ayé ni kí a fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, kí a dákẹ́ ìṣẹ́jú kan, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìdáhùn. Ọmọ Fúlàní darandaran tó gbọ́ tiwa kò mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹyẹ. Òun ló sáré lọ sí abúlé. Àwọn tó wá ni ọdẹ kan àti àwọn àgbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó wọ aṣọ ìjọba nínú wọn. Mo rí ẹnì kan lórí fídíò tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n ìgbanilà, ó ní kí a ṣáà máa pe hẹlikópítà. Kó wá pè é fún wa ní Ṣábẹ ká wò ó.

Wọ́n gé igi gbọọrọ méjì, wọ́n lu ìdí àpò àgbàdo, wọ́n ki igi náà bọ̀ ọ́, ó di ibùsùn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ fẹ́ fa ẹsẹ̀ mi kó tọ́. Bàbá ọdẹ lé e sẹ́yìn, Ọlọ́run bá mi bù kún un. Bó ṣe wà ni wọ́n ṣe dì í: igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, aṣọ láàárín igi àti ara, ó kọjá orúnkún lókè, ó kọjá ọrùn ẹsẹ̀ nísàlẹ̀. Ìró ìyá kan ni wọ́n ya fún un, mo ti ra òmíràn fún un. Sísọ̀ kalẹ̀ yẹn gùn ju gbogbo ọjọ́ náà lọ. Ìgbésẹ̀ kan, wọ́n á dúró. Ẹnì kan á sọ pé "òkúta wà lọ́tùn-ún", wọ́n á tún gbé ìgbésẹ̀ kan. Gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ wọn bá ti kọ, ojúgun mi ló ń gbà á. Mo há aṣọ sẹ́nu torí mi ò fẹ́ kí igbe mi já wọn láyà.

Bâchée ẹlẹ́jà kan, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ló gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́ sáàárín lórí zémíjàn, ọ̀kadà ibí, wọ́n fẹ́ dán an wò. Dírẹ́ẹ̀bà náà tún dúró lójú ọ̀nà ra kpayo, epo bẹntiróò tí wọ́n ń tà nínú ìgò, ó ń ná owó rẹ̀. Ẹ gbà mí. Ní ilé ìwòsàn, ìwé oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ nà sí ọkọ mi: ìbọ̀wọ́, òwú, báńdéèjì, omi ìfàsára, kó lọ rà wọ́n wá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí. Nítorí náà, ẹ mú CFA, owó tí wọ́n ń ná ní Benin, lọ́wọ́, owó bébà. Náírà yín kò wúlò lóru níwájú ilé oògùn.

Lẹ́yìn náà ni ẹbí mi dé láti Àjàṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sọ́dọ̀ a-to-egungun. Mi ò bá a-to-egungun jà, mo mọ àwọn tí ọwọ́ wọn dára. Ṣùgbọ́n bí egungun bá ti lu awọ jáde, ilé ìwòsàn ni. Bí wọ́n bá sì di ẹsẹ̀ tàbí apá yín níbikíbi, ìbáà ṣe dókítà ló dì í, tí ìrora ń pọ̀ sí i, tí ọmọ ìka tutù tàbí tó kú tipiri, kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀. Ara tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ á jẹrà. Mo rí ọmọdékùnrin kan ní bẹ́ẹ̀dì kejì tí wọ́n gé apá rẹ̀ nítorí ìyẹn, àpáta kò sì ṣe é ní nǹkan kan, igi máńgòrò ló já bọ́ lórí rẹ̀.

Ejò ńkọ́? Ẹ má ki ọwọ́ bọ pàlàpálá òkúta. Bí paramọ́lẹ̀ bá ṣán ẹnikẹ́ni, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má so okùn mọ́ ọn pinpin, òkúta dúdú tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í fa oró jáde. Ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ ejò ni kí ẹ tètè gbé e lọ.

Amọ̀nà, ẹ béèrè amọ̀nà. Àwa náà sanwó fún ọ̀kan, ó gbé káàdì kọ́rùn, Kútọnu ló ti bá wa wá. Nígbà tí mo ṣubú, àwa ló ń bi léèrè ọ̀nà tí a gbà dé ibẹ̀. Ẹ sanwó, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí sí ẹsẹ̀ òkè ni kí ẹ san án fún, ọdẹ tàbí àgbẹ̀. Ẹ bá àwọn àgbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gùn, torí orí òkè yẹn ni àwọn baba wọn sá sí nígbà ogun Dáhòmì, àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bọ, àlejò kì í dédé tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ju amọ̀nà lọ ni pé kí ẹnì kan wà nísàlẹ̀ tó mọ̀ pé ẹ wà lókè. Ìyá tó ń ta gaàrí tó. Ẹ kọ orúkọ yín àti ìhà tí ẹ gbà sílẹ̀ fún un, ẹ fún un lówó ìpè, ẹ sọ fún un pé bí agogo méjì bá lù tí kò rí yín, kó pe àwọn ọdẹ jọ, kó má dúró de ọ́fíìsì kankan. Ká ní a ti ṣe ìyẹn fún wa ni, wọn ì bá ti dé kí oòrùn tó wọ̀.

Bàtà, èyíkéyìí tó bá di ọrùn ẹsẹ̀ mú.

Bí ẹ bá gba Ìdìròkò wọlé, Àjàṣẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ kàn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Bàbá ọdẹ yẹn ní fóònù, àmọ́ màá kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá ó fẹ́ kí n fún yín ní nọ́ńbà òun, torí ìgbà tí àwọn kan dé lẹ́yìn wa, wọn ò san owó rẹ̀ pé.