Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń da ajílẹ̀ sí adágún omi nítorí ẹja salmon?

Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà mọ bí a ṣe ń ṣe pọ́ǹdù ẹja wa ní Kubwa níbí: a ó da ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ sí i, tó bá yá omi á di aláwọ̀ ewé, kòkòrò tíntìntín tí ọmọ ẹja ń jẹ á sì pọ̀ níbẹ̀. Ohun kan náà ni.

Ẹ wo Redfish Lake ní Idaho, Amẹ́ríkà. Salmon ibẹ̀, irú tí wọ́n ń pè ní sockeye, ń wẹ nǹkan bí 1,450 kìlómítà láti òkun wá yé ẹyin, lẹ́yìn náà wọn á kú. Òkú wọn ni ajílẹ̀ adágún. Ìsédò (dáàmù) mẹ́jọ ló wà lọ́nà wọn. Lọ́dún 1992, akọ ẹyọ kan péré ló délé. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹja ò sí, ajílẹ̀ náà ò sí mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí da nitrogen àti phosphorus, èròjà inú ajílẹ̀, sí àwọn adágún agbègbè yẹn lọ́dún 1995, níwọ̀nba, torí àpọ̀jù ń ba omi jẹ́. Wọ́n tún ń tọ́ ọmọ ẹja fúnra wọn, wọ́n ń tú wọn sómi.