Nọ́ḿbà ara kéèsì kọ́ ni kí ẹ wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire aago àpò náà o. Ẹ ní bàbá arúgbó tí ẹ ń tọ́jú ní Pennsylvania ló fi ta yín lọ́rẹ, pé ẹ rí nọ́ḿbà nínú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé nǹkan bí ọdún 1880 jáde. Nọ́ḿbà kéèsì, ìyẹn ilé tí ẹ̀rọ aago ń gbé, lẹ wò yẹn. Èmi náà ti wò ó rí, owó mi ló bá a lọ.

Láyé ìgbà yẹn ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ aago ọ̀tọ̀, ẹni tó ń ṣe kéèsì ọ̀tọ̀. Oníbàárà á mú ẹ̀rọ iléeṣẹ́ Waltham tàbí Elgin, á wá yan kéèsì tí agbára rẹ̀ ká. Tí ẹ bá rí Keystone nínú ìdérí, ẹni tó ṣe kéèsì nìyẹn, kò kan ẹ̀rọ rárá. Nígbà tí wúrà sì gbówó lórí, ọ̀pọ̀ ló yọ́ kéèsì wúrà tà, tí wọ́n wá ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ inú kéèsì mìíràn. Ẹ wo ibi tí ìdè (skúrù) ẹ̀rọ ti di kéèsì mú: bí àpá ìdè mìíràn bá wà níbi tí kò sí ìdè, ẹ̀rọ yẹn kọ́ ló kọ́kọ́ gbé inú ilé náà.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, lọ́jà àlòkù kan ní Ohio ni. Wọ́n gbẹ́ ọkọ̀ ojú irin sí ẹ̀yìn rẹ̀, èéfín ń rú lálá. Ẹni tó tà á ní aago awakọ̀ rélùwéè ni, wúrà pátápátá. Mo rí i nínú ìdérí pé wọ́n ṣe onídùúró ogún ọdún fún un, inú mi dùn. Àṣé wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ̀ bo idẹ ni wọ́n ń sọ, pé kò ní ṣí kí ogún ọdún tó pé! Mo ṣí i, òkúta méje péré, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí lórí wọn, ló wà nínú ẹ̀rọ. Àwòrán ọkọ̀ kì í sọ aago di ti rélùwéè, ẹnikẹ́ni ló lè rà á.

Aago rélùwéè gidi ní òfin tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin, ọdún 1891, ọkọ̀ ojú irin méjì forí gbárí ní Kipton, Ohio. Wọ́n ní aago ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ti dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó tún máa lọ. Ni iléeṣẹ́ rélùwéè bá pe Webb C. Ball, oníṣọ̀nà aago ní Cleveland, kó wá wádìí aago wọn. Òfin tó wá gbilẹ̀ ni pé kí ojú aago wà ní gbangba láìsí ìdérí, kí nọ́ḿbà rẹ̀ hàn ketekete, kí òkúta má dín ní 17, kí wọ́n tún un ṣe kó lè máa lọ déédéé ní ìdúró márùn-ún, ìbáà dùbúlẹ̀ tàbí kó nàró, kó má sì ṣìnà ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ lọ́sẹ̀.

Ti yín ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń yí bí ìdérí ìgò, sí apá òsì. Ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án. Ẹ ka nọ́ḿbà tí wọ́n gbẹ́ sára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ìkànnì Pocket Watch Database pẹ̀lú orúkọ iléeṣẹ́. Ó máa sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́, iye òkúta àti ọdún tó súnmọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ yí àkókò rẹ̀, ẹ má fagbára fa orí tí a fi ń wáìn ín o! Bí mo ṣe ba aago rélùwéè mi, Hamilton 992, jẹ́ nìyẹn. Gíláàsì iwájú ni ẹ ó kọ́kọ́ tú. Nínú ọ̀pọ̀ aago rélùwéè, irin kékeré kan wà létí ojú aago lápá ibi aago kan tàbí méjì. Ẹ fà á jáde, ẹ yí orí, ẹ tì í padà. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí awakọ̀ tó ń wáìn aago má baà ṣèèṣì yí àkókò. Ẹ má sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kí aláago tó fọ̀ ọ́, òróró inú rẹ̀ á ti gan.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bàbá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀bùn ni, kí ẹnikẹ́ni má baà fẹ̀sùn kàn yín nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Ẹ sì bi bàbá léèrè rélùwéè tí ẹni tó ni aago bá ṣiṣẹ́, àti bóyá káàdì tí wọ́n ń kọ àyẹ̀wò aago sí ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Káàdì yẹn lè sọ ohun tí nọ́ḿbà kò lè sọ.