Èsì: Gabriel tàbí Collins, ta ló rọ́wọ́ mú jù lẹ́yìn Genesis?

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè pé, nínú Peter Gabriel àti Phil Collins tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ Genesis nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ta ni iṣẹ́ rẹ̀ dára jù nígbà tí kálukú dá orin tirẹ̀ kọ. Bí ó bá jẹ́ ti ọjà títà, Collins ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Gabriel ni èmi fara mọ́.

Nígbà tí Gabriel kúrò nínú Genesis ní 1975, Collins onílù wọn ló bọ́ sí ipò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọrin, síbẹ̀ wọn kò di ọ̀tá, nítorí Collins bá a lùlù nínú àwo kẹta rẹ̀ ní 1980. Gabriel kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò fẹ́ gbọ́ ìró páànù idẹ tí ó máa ń wà lára ìlù, nítorí náà ìlù náà ń dún gbì, ó sì ń dákẹ́ lójijì bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Irú ìró yìí gan-an ni Collins gbé wọ “In the Air Tonight”, orin tí ó sọ ọ́ di olókìkí ní 1981. Ẹ fetí sí ibi tí ìlù ti já wọlé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀.

Èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti oṣù Keje 1986, nígbà tí “Invisible Touch” ti Genesis, tí Collins ṣì ń kọrin fún, wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, tí “Sledgehammer” ti Gabriel sì lé e kúrò níbẹ̀. Àléébù Gabriel ni ìlọ́ra: láti 2002, ó di 2023 kí ó tó tún gbé àwo orin tuntun tí ó kọ fúnra rẹ̀ jáde.